Ẹ̀wà inú kọ́bọ́ọ̀dù

Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń kó ìwé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún mi lọ sílé láti lọ máàkì. Ọmọ 41 ni wọ́n. Ní ọjọ́ Ẹtì tí mo ń sọ yìí, mo ti máàkì tó ìwé 30 kí n tó dé orí ti ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti kọ ọ́ pé ẹ̀wà tí a gbé sínú ìmọ́lẹ̀ ló ga jù. Òun kọ ọ́ pé èyí tó wà nínú òkùnkùn ni. Mo fi báírò pupa fa X gàdàgbà sí i, mo sì ṣí ìwé tó kàn. Òru ọjọ́ náà, nígbà tí oorun kọ̀ tí kò kùn mí, ni mo rántí agolo méjèèjì bí mo ṣe rí wọn fìrí nígbà tí mo ń ti ilẹ̀kùn kíláàsì. Àyà mi já. Ọmọ yẹn nìkan ló kọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

N óò ròyìn ọ̀ràn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo gbà pé ọ̀pọ̀ àwa olùkọ́ ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí láìfura.

Ilé-ìwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ni, nínú ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A kò ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, kò sì sí iná mànàmáná nínú kíláàsì. Basic Science and Technology ni iṣẹ́ ọjọ́ náà, orí ọ̀rọ̀ sì ni ohun tí ewéko nílò láti dàgbà. Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù bó ṣe wà nínú lẹ́sìn nóòtì mi: Plants need air, water and sunlight to grow. Àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n sì kà á tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní mo fi mọ síbẹ̀ ni, kì bá tí sí ọ̀rọ̀ kankan láti sọ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. A wá agolo tòmátò méjì, mo fi ìṣó lu ihò sí wọn nídìí, a bu ilẹ̀ dúdú láti ẹ̀yìn kíláàsì sí wọn, a gbin ẹ̀wà mẹ́ta-mẹ́ta tí a ti rẹ sómi mọ́jú. A gbé agolo kan sójú fèrèsé. A gbé ìkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ìwé sí, a sì pa á dé. Mo wá sọ fún wọn pé ti fèrèsé yóò ga dáadáa, ti inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò sì rá, kò ní lè ga. Mo sọ ohun tí wọn yóò rí fún wọn kí wọ́n tó rí i. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ba iṣẹ́ ara mi jẹ́, torí láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun tí ẹ̀wà lè ṣe mọ́ tí àwọn ọmọ yóò gbà gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kí wọ́n máa bọ́ síwájú ní ìlà-ìlà, kí wọ́n wo agolo méjèèjì, kí wọ́n sì kọ èyí tó ga jù sínú ìwé. Èmi alára ń kọ réjísítà lọ́wọ́, n kò wò ó. Ọmọ 36 kọ ọ́ pé ti fèrèsé ni. Àwọn 4 kò kọ nǹkan kan. Ẹyọ 1 kọ ọ́ pé ti inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ga jù, ó sì fi kún un pé ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú.

Lọ́jọ́ Ajé, aago méje kò tíì lù tí mo ti dé ilé-ìwé. Mo mú rúlà, mo wọn wọ́n. Ti fèrèsé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, igi rẹ̀ nípọn, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26. Ó gùn gbọọrọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó pupa rúsúrúsú, ewé orí rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Kò sí ẹni tó lójú tí yóò wo àwọn agolo yẹn tí yóò sọ pé wọ́n ga bákan náà, áḿbèlètasé pé ti fèrèsé ló ga jù. Síbẹ̀, ọmọ 36 ló kọ ọ́.

Ohun tí mo ti kà lópin ọ̀sẹ̀ yẹn nìyí. Hóró ẹ̀wà ti di oúnjẹ tirẹ̀ lẹ́rù láti ilé. Àwẹ́ méjì tí a máa ń rí bí a bá bó ẹ̀wà fún àkàrà, oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ fún èhù kékeré tó wà láàárín wọn. Bí èhù náà bá jáde tó bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, ńṣe ló ń ṣe bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ṣì wà. Orí ọrùn nínà nìkan ló ń ná oúnjẹ rẹ̀ sí, kó lè tètè yọrí síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kì í ná nǹkan kan sórí ewé títóbi, kì í sì í ṣe àwọ̀ ewé, nítorí pé àwọ̀ yẹn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ìmọ́lẹ̀ kò sì sí. Èyí tó ti rí ìmọ́lẹ̀ kò ní ìdí láti kánjú, ó ń dúró ti ara rẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn tí mo kọ sójú bọ́ọ̀dù kì í ṣe irọ́. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi fi kún un, pé ti òkùnkùn kò ní ga, ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó tún dùn mí ni pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Inú oko ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo mọ bí èhù iṣu ṣe máa ń gùn funfun nínú àká tó ṣókùnkùn. Mo mọ bí àgbàdo tó hù sábẹ́ kòkó ṣe máa ń ga fíofío tí kò ní yọ ọmọ tó dára. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ oko wà níbì kan lọ́kàn mi, ìmọ̀ bọ́ọ̀dù wà níbòmíràn, n kò sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé rí.

Nígbà tí àwọn ọmọ jókòó, mo gbé agolo méjèèjì sórí tábìlì mi, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè èyí tó ga jù. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n ń kí àlejò: èyí tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ni, mà. Wọ́n ń wò ó bí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀! Mo dákẹ́ díẹ̀, mo wá fi Yorùbá bi wọ́n: “Ẹ wò ó dáadáa. Nínú méjèèjì yìí, èwo ló gùn jù?”

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn ló fọhùn: “Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù ni, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó gùn.”

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, pé n kò ní na ẹnì kankan, kí wọ́n kàn sọ ìdí tí wọ́n fi kọ ohun tí wọn kò rí. Ọ̀kan ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, mà.” Òmíràn ní ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù nìyẹn. Òmíràn ní òun rò pé ojú òun ni kò ríran dáadáa. Ìkan ní òun rò pé àwọn kíláàsì kẹfà ló wọlé tí wọ́n pààrọ̀ agolo. Èyí tó kẹ́yìn yìí dùn mọ́ mi, nítorí pé òun nìkan ló ń wá bí ohun tí òun rí àti ohun tí òun gbọ́ ṣe lè jọ jẹ́ òótọ́. Mo wá bi ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí tirẹ̀ ṣe jẹ́. Ó ní, “Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mà.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Lójú gbogbo wọn, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ X pupa náà pé: Òótọ́ lo rí, èmi ni mo ṣì í. Mo kọ déètì ọjọ́ náà sí i. N kò pa X rẹ́. Mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kí ó mọ̀ pé olùkọ́ lè ṣi nǹkan, kí ó sì lè tún un ṣe.

Àwọn ọmọ yìí kì í ṣe òpè. Ohun tí a ti ń kọ́ wọn láti kíláàsì kìíní ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n sì ń ṣe: pé ọwọ́ áńtì ni ìdáhùn máa ń wà, pé ẹni tó bá sọ ohun tí áńtì sọ ló gbọ́n. Nílé, wọ́n ti gbọ́ ọ pé ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Èmi náà tọ́ ọmọ, mo sì fẹ́ kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún àgbà. N kò fẹ́ ọmọ tí yóò máa já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ohun tí mo wá ń wá ni ọ̀nà tí ọmọ fi lè sọ fún mi pé ohun tí òun rí yàtọ̀ sí ohun tí mo sọ, tí kò ní dà bí ìwọ̀sí.

Àwọn baba wa ti la ọ̀nà náà sílẹ̀, n kò kàn ronú kàn án ni. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, yóò ní, “Tótó, ó ṣe bí òwe o.” Àgbà yóò dáhùn pé, “Wàá rí òmíràn pa.” Ọmọ ti tọrọ àyè, àgbà ti yọ̀ǹda, ọ̀rọ̀ sì ti jáde. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá rí ohun tó tako ọ̀rọ̀ mi tàbí ọ̀rọ̀ ìwé, kó nàró, kó ní, “Tótó, ó ṣe bí ohun tí mo rí o.” Àwa yòókù yóò dáhùn pé, “Wàá rí òmíràn.” Lẹ́yìn náà yóò sọ ohun tó rí, àti bó ṣe rí i. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fi ń ṣeré ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá dìde, ó fi sọ fún mi pé mo ṣi ìṣirò kan lójú bọ́ọ̀dù. Ó tọ̀nà.

Mo padà sórí ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, grow, ni mo kọ sójú bọ́ọ̀dù, n kò sì bi ara mi rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ sọ gbogbo ohun tí ewéko máa ń ṣe ní Yorùbá. Wọ́n kó o wá: ó ń hù, ó ń yọ ewé, ó ń ga, ó ń gùn, ó ń ta, ó ń gbó, ó ń so, ó ń dàgbà. Mo wá bi wọ́n bóyá ohun tó bá ti gùn ló ti dàgbà. Ọmọbìnrin kan ní rárá, pé ẹ̀gbọ́n òun gùn ju bàbá àwọn lọ, ṣùgbọ́n bàbá àwọn ló dàgbà jù. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Wọ́n fẹnu kò pé ti inú kọ́bọ́ọ̀dù gùn, ti fèrèsé ló ń dàgbà. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń dàgbà. Wọ́n ní ká ka ewé wọn, ká sì fi òwú yí igi wọn ká láti mọ èyí tó nípọn jù. Ìṣẹ́jú 20 péré ni gbogbo èyí gbà. Mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ iṣẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ mi rí.

Èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa rí èyí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣíwájú rẹ̀, Ford Foundation, àjọ afowóṣàánú kan ní Amẹ́ríkà, ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yẹn ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ náà, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní 50 ọdún. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 pé àwọn ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó dùn mí gidigidi. Mo ti fojú mi rí ọmọ tó ń wo nǹkan kan tó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni a tún ẹ̀wà gbìn. Mo ní kí wọ́n sọ gbogbo ohun tó lè mú kí ti àkọ́kọ́ má ṣeé gbà gbọ́. Ẹnì kan ní bóyá hóró tó bọ́ sínú agolo kọ́bọ́ọ̀dù ló tóbi jù. Ẹnì kan ní bóyá a bu omi fún un ju èkejì lọ. Ẹnì kan ní inú kọ́bọ́ọ̀dù máa ń móoru. Èyí tó rò pé wọ́n pààrọ̀ agolo kò tíì yí ọkàn padà. A wá wá nǹkan ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ṣa hóró tó dọ́gba. Ìdérí ike omi mẹ́wàá-mẹ́wàá ni omi agolo kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. A kúrò ní kọ́bọ́ọ̀dù, a lo páálí tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ooru wọn lè sún mọ́ra. Nítorí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀, a lẹ bébà mọ́ agolo, ọmọ méjì tí wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ sì fọwọ́ sí i.

Ìgbà tí mo rò pé a ti parí ni ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dìde. “Tótó, ó ṣe bí ohun tí mo rí o.” “Wàá rí òmíràn.” Ó ní a ti pa páálí dé pátápátá, atẹ́gùn kì í wọ ibẹ̀ bó ṣe ń wọ fèrèsé, nítorí náà báwo ni a ṣe máa mọ̀ bóyá òkùnkùn ló fa ohun tí a bá rí, tàbí àìsí atẹ́gùn? Mo dúró, n kò lè fèsì. N kò ronú kan èyí rí. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú kíláàsì ní ká lu ihò sí páálí, ẹ̀gbẹ́ kejì ní ìmọ́lẹ̀ yóò gba ihò wọlé. Wọ́n fà á títí, kí ọmọkùnrin kan tó ní ká mú páálí kejì tó tóbi bákan náà, ká gé ojú rẹ̀ kan kúrò, ká fi láílọ́ọ̀nù funfun tí a fi ń di ẹ̀kọ bò ó. Atẹ́gùn kò ní wọ ibẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yóò wọ̀ ọ́. Bí ti ibẹ̀ bá dúdú tó sì nípọn, a jẹ́ pé òkùnkùn ni. Bí òun náà bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́, a jẹ́ pé atẹ́gùn ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ro èyí.

Agolo 12 la lò: 4 sójú fèrèsé lásán, 4 sínú páálí òkùnkùn, 4 sínú páálí láílọ́ọ̀nù. Kí a tó pa wọ́n dé, mo ní kí olúkúlùkù kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sórí bébà, kó ká a, kó jù ú sínú agolo mílíìkì kan tí a lẹ̀ pa. Mo ṣe èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa yí ohùn padà nígbà tí ó bá yá. Èmi kò sọ tèmi fún wọn lọ́tẹ̀ yìí.

Fóònù mi ni a fi ń ya àwòrán agolo ojú fèrèsé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, ọmọ kan ní ẹ̀wà ti ọjọ́ karùn-ún ga ju ti ọjọ́ kẹfà lọ nínú àwòrán. Ṣé ẹ̀wà máa ń súnkì ni? A ṣí àwòrán méjèèjì wò, wọ́n sì rí i pé mo ti dúró jìnnà lọ́jọ́ kẹfà. Láti ìgbà náà, wọn kò gbà kí n ya nǹkan kan láìjẹ́ pé rúlà dúró nínú àwòrán. Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá bí wọ́n ṣe máa ń ya ẹja ńlá orí WhatsApp nìyẹn, èyí tí ẹni tó mú un máa ń na ọwọ́ síwájú. A fi ọ̀rá kan tí mo ra omi nínú rẹ̀ dán an wò: ó di ńlá níwájú kámẹ́rà, ó di kékeré lẹ́yìn. N kò kọ èyí sínú lẹ́sìn nóòtì kankan, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n yan ìṣẹ́jú 15 kan tó wúlò jù fún wọn ní táàmù yẹn, òun ni n óò yàn.

Ní ọjọ́ kẹwàá a ṣí gbogbo rẹ̀. Ti ojú fèrèsé wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 11 sí 13. Ti páálí láílọ́ọ̀nù ga díẹ̀ jù wọ́n lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú bákan náà. Ti páálí òkùnkùn wà láàárín 23 sí 28, gbogbo wọn tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo wọn pupa. Agolo kan lójú fèrèsé kò hù rárá, ńṣe ló jẹrà. Ọmọ kan fẹ́ ká gbé e pamọ́, kí iṣẹ́ wa lè dára lójú ọ̀gá wa. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn tó le. Wọ́n parí rẹ̀ síbi pé a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan kò hù, torí pé bí a bá lè gbé ìyẹn pamọ́, ta ló máa gba ìyókù gbọ́?

Ní ọjọ́ kejìlá, a kó agolo òkùnkùn méjì jáde sójú fèrèsé. Ní ọjọ́ kejì tí a kó wọn jáde, wọ́n ti ń ní àwọ̀ ewé. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti dúdú. Àwọn ọmọ ń sá lọ wò wọ́n ní gbogbo àkókò ìsinmi. Agolo méjì tó kù sínú páálí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú ní nǹkan bí ọjọ́ kejìdínlógún, àwẹ́ oúnjẹ wọn ti rọ pátápátá, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹtàlélógún wọ́n ti kú. Ìgbà yìí ni gbólóhùn ojú bọ́ọ̀dù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di òótọ́ lójú wọn, wọ́n sì tún un kọ lọ́nà tiwọn: Ẹ̀wà lè gùn láìsí ìmọ́lẹ̀ títí oúnjẹ inú hóró rẹ̀ yóò fi tán, ṣùgbọ́n kò lè dàgbà.

Ọ̀gá wa bẹ̀ mí wò nígbà tí iṣẹ́ yìí ń lọ. Inú rẹ̀ dùn sí ariwo àwọn ọmọ, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ nítorí ìdánwò. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ sórí ohun tó yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ kan. Òótọ́ ni. Mo fi wákàtí àfikún lẹ́yìn ilé-ìwé dí àlàfo náà, ó rẹ̀ mí, n kò sì ní parọ́ pé gbogbo olùkọ́ ló lè ṣe é, pàápàá ẹni tó ní ọmọ 70 nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé ṣe pọ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Ní Ùgáńdà lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí dán an wò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 120. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé 60 bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò bí ẹnì kan bá ní oògùn tàbí ìtọ́jú báyìí-báyìí ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án péré ni, ìwé alápèjúwe aláwòrán ni wọ́n sì lò. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ọmọ 69 nínú 100 ló yege, nígbà tó jẹ́ 27 nínú 100 ní àwọn ilé-ìwé yòókù. Olùkọ́ ìjọba bíi tèmi ló kọ́ wọn, nínú kíláàsì tó kún bíi tèmi.

Ìdánwò dé. Ìbéèrè náà wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́: ohun tí ewéko nílò láti dàgbà, kí o fi ọ̀rọ̀ kan dí àlàfo. Gbogbo wọn kọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn, wọ́n sì gba máàkì wọn. Mo fi ìbéèrè tèmi kún un: ẹ̀wà méjì, ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú òkùnkùn, èwo ni yóò gùn jù ní ọjọ́ kẹwàá, báwo lo sì ṣe mọ̀? Ọmọ 5 ṣì kọ ọ́ pé ti ìmọ́lẹ̀ ni. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí a wọ̀n ọ́n. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ní ẹ̀rù ló bà wọ́n nítorí pé ìdánwò ni, pé nínú ìdánwò ohun tó wà nínú ìwé ni èèyàn ń kọ. Mo ń ro ọ̀rọ̀ yìí títí di òní.

Kí táàmù tó parí, ọmọkùnrin ẹ̀yìn, èyí tó ní kì í ṣe òun ló yẹ kó gùn, bi mí bí ẹ̀wà ṣe ń mọ̀ pé inú òkùnkùn ni òun wà nígbà tí kò lójú. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀. Mo lọ kà á, mo sì rí i pé Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọ rẹ̀ Francis bi ara wọn ní irú ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1880 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Wọ́n fi fìlà kékeré dé èhù koríko lórí, wọ́n sì wò ó bóyá yóò ṣì lè tẹ̀ síhà ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. N kò sọ ohun tí wọ́n rí fún àwọn ọmọ. A gbin àgbàdo sínú agolo 8 ní táàmù tuntun yìí. A fi fóìlì dé èhù 4 lórí, a dá 4 yòókù sí, a gbé gbogbo wọn sínú páálí tí a lu ihò kan ṣoṣo sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni a ó ṣí i. Àwọn ọmọ ní èmi náà gbọ́dọ̀ kọ tèmi lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ ọ́, mo ká a, mo jù ú sínú agolo mílíìkì pẹ̀lú tiwọn.